Ọkọ̀ Alfa Tí Rùkáyátù Kọ̀ Láti Tà

Bí ẹ bá ń lọ láti Òmù-Àrán sí Agbamu ní àsìkò kájú, tí ẹ gbọ́ ọkọ̀ kan tó ń bú ramúramù bọ̀ lẹ́yìn yín, ẹ yà fún un. Kì í ṣe ọmọ yàhúù kankan. Rùkáyátù ni, ìyá Fulera, obìnrin tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, tó fi ìborùn wé orí, tó sì gbé ìrọ̀rí kékeré sídìí kó lè rí iwájú dáadáa.

Ọkọ̀ náà kò tóbi. Ilẹ̀kùn méjì péré ló ní, ọ̀dà pupa ara rẹ̀ sì ti ṣá títí ó fi jọ erùpẹ̀ ọ̀nà oko. Kò sí ìjókòó lẹ́yìn rẹ̀ rárá, àpò kájú ló ń gun ibẹ̀. Ọkọ̀ Alfa la ń pè é. Àlejò tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú a máa béèrè pé alfa wo ló ni ín, pé ṣé ó ti lọ Mẹ́kà. Ẹ̀rín la máa ń rín. Orúkọ tí àwọn ará Ítálì tó ṣe é fún un nìyẹn, wọ́n sì ṣe é fún eré ìje ni, ní nǹkan bí ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn. Kó lè fúyẹ́, wọn ò fi irin bò ó lára. Alumíníọ́mù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n lò, irú èyí tí a fi ń ṣe ìkòkò. Ìdí rèé tí òjò fi pa á lọ́dọọdún tí kò fi dípẹtà.

Òyìnbó injiníà kan tó wá ṣe ọ̀nà lágbègbè wa ló kó o wọ ọkọ̀ ojú omi pẹ̀lú àwọn katakátà ilé iṣẹ́ rẹ̀. Ó ti fi sáré ìje nígbà tó wà ní ọ̀dọ́, kò sì lè fi í sílẹ̀ sílé. Salaudeen, ọkọ Rùkáyátù, ni mẹkáníìkì rẹ̀. Nígbà tí owó iṣẹ́ ọ̀nà gbẹ lọ́dún 1984, ilé iṣẹ́ náà palẹ̀ mọ́, wọn ò sì rí owó oṣù Salaudeen san. Òyìnbó náà buwọ́ lu ìwé ọkọ̀, ó kó kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́, ó ní kó má bínú, pé ọkọ̀ náà kò tó nǹkan lọ́jà, àmọ́ ó ń sáré.

Kò purọ́. Nílùú tiwọn lọ́hùn-ún pàápàá nígbà yẹn, ọkọ̀ ìje tó ti dàgbà tí kò lè borí mọ́, ẹrù ni lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Owó àlòkù lásán ni wọ́n fi ń rà á.

Ọ̀nà Èsìẹ́ ni Salaudeen ti kọ́ ìyàwó rẹ̀ ní ọkọ̀ wíwà, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú. Bírékì ló kọ́kọ́ kọ́ ọ. Ó ní, “Ẹni tí kò mọ bí a ṣe ń dúró, kí ló fẹ́ fi eré ṣe?” Ẹ̀yìn ìgbà tó ti mọ̀ ọ́n dúró tán ló tó jẹ́ kó fi ẹsẹ̀ tẹ iná. Àwọn tó ń ti oko bọ̀ a sọ ẹrù kalẹ̀ láti wo obìnrin tó ń gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá bí ìjì.

Ọdún karùn-ún tí wọ́n fún Salaudeen ní ọkọ̀ náà ni inú rírun mú un lọ. Lẹ́yìn fìdáù ogójì ọjọ́, àwọn ẹbí jókòó láti pín ogún. Abdulrasaq, àbúrò Salaudeen, gba ọ̀kadà, ó gba ẹ̀rọ ìlọta, ó sì tún gba àpótí irinṣẹ́. Alhaji Májẹ́kódùnmí tí í ṣe Baálé ilé wá béèrè pé báwo ni ká ti ṣe ti ọkọ̀ tó wà lábẹ́ igi máńgòrò.

Abdulrasaq pòṣé. “Pánù yẹn? Kí ìyàwó kó pánù rẹ̀, ó jàre. Ààyè ibẹ̀ la nílò.”

Baálé kọjú sí opó. “O gbọ́, Rùkáyátù. Tìrẹ ni. Gbé e kúrò lójú ọ̀nà.”

Gbogbo agbo ilé ló gbọ́.

Kò pẹ́ tí ọkùnrin kan fi wá láti Àjàṣẹ́-Ìpo, ọ̀kan nínú àwọn tó ń yọ́ alumíníọ́mù tí wọ́n fi ń rọ ìkòkò. Ó fi ìka kan ara ọkọ̀, ó gbọ́ bó ṣe dún, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó dárúkọ owó tó lè ra ewúrẹ́ méjì. Abdulrasaq tó mú un wá ní kí ìyàwó sáré gbà, pé bí ọjọ́ bá yí padà, ewúrẹ́ kan pàápàá kò ní jáde níbẹ̀ mọ́.

Rùkáyátù bi ọkùnrin náà pé, “Ìkòkò mélòó ni ẹ máa rí níbẹ̀?”

“Tó bá kéré tán, ogún.”

“Mo ti ní ìkòkò.”

Ó ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀, ó jókòó, ó tan ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Èéfín bo ọkùnrin náà àti Abdulrasaq lójú. Nígbà tí èéfín fi máa lọ, obìnrin ti dé ojú títì.

Báyìí ló ṣe bẹ̀rẹ̀ òwò kájú. Àwọn ọlọ́kọ̀ ńlá kì í fẹ́ wọ àwọn oko tó jìn. Wọ́n ní ọ̀nà ibẹ̀ ń ba táyà jẹ́. Rùkáyátù wọ̀ ọ́. Ó mú ìdúró ọkọ̀ náà ga díẹ̀ lọ́dọ̀ wẹ́dà, ó ń lọ sí ẹ̀yìn Agbamu, ó ń lọ sí Òmùpò, ó ń ra kájú lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kì í yà lọ́dọ̀ wọn, ó sì ń kó o wá fún àwọn oníṣòwò ní Àjàṣẹ́. Nítorí pé ọkọ̀ rẹ̀ fúyẹ́ tó sì yá, ó máa ń lọ lẹ́ẹ̀mejì kí ẹlòmíràn tó lọ lẹ́ẹ̀kan. Àwọn ọkùnrin ní gáréèjì bú u. Wọ́n ní opó tó yẹ kó jókòó jẹ́ẹ́ ló ń fi ariwo kó ìlú sókè. Wọn ò fún un láyè láti gbé ọkọ̀ kalẹ̀ láàárín wọn. Ó lọ gbé tirẹ̀ sí òdìkejì títì, àwọn oníṣòwò sì ń dá títì kọjá wá bá a. Owó yẹn ló fi rán Fulera, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, lọ sílé ìwé títí tó fi di apòògùn ní Ìlọrin.

Ohun tí kò mọ̀ ni pé ní ọdún gan-an tí wọ́n fẹ́ fi ọkọ̀ rẹ̀ rọ ìkòkò, àwọn olówó ń já irú rẹ̀ gbà mọ́ ara wọn lọ́wọ́ ní ìlú òyìnbó. Àwọn tó jẹ́ ọmọdé nígbà tí ọkọ̀ wọ̀nyẹn ń sáré ti dàgbà, wọ́n ti lówó, wọ́n sì fẹ́ ra ìgbà èwe wọn padà. Iye rẹ̀ gbéra sọ. Àwọn kan yáwó rà á, wọ́n rò pé kò ní wálẹ̀ mọ́ láé. Kò tó ọdún mélòó kan tí ó fi já ṣòòrò, tí gbèsè sì wó ilé àwọn tó yáwó. Ó tún rọra dìde, ó sì ń gòkè lọ títí di òní. Rùkáyátù kò gbọ́ ọ̀kankan nínú rẹ̀. Lọ́dún tí iye ọkọ̀ rẹ̀ wà lókè, ó ń kó kájú. Lọ́dún tó já wálẹ̀, ó ń kó kájú.

Nígbà tí kaburétọ̀ rẹ̀ méjèèjì kú, mẹkáníìkì kan ní Àjàṣẹ́ fi ti Píjò sí i. Ó ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn náà ni mẹkáníìkì mìíràn ti Ìbàdàn wá, ó fẹ́ fi owó ọ̀kadà tuntun mẹ́ta rà á. Rùkáyátù ní kò sí lọ́jà.

Ẹni tó wá da ilé rú ni Olúṣẹ̀yẹ. Ọkùnrin Èkó ni, ó ń bá àwọn olówó wá ọkọ̀ àtijọ́ kiri. Ẹnì kan ló ya fọ́tò níbi ìsìnkú kan ní Òmùpò, ọkọ̀ Alfa sì wà lẹ́yìn àwọn tó dúró fún fọ́tò. Fọ́tò náà ń ti orí fóònù bọ́ sórí fóònù títí tó fi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Nígbà tó kọ́kọ́ dé Òmù-Àrán lọ́dún 2016, ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ náà, ó yẹ nọ́ńbà abẹ́ rẹ̀ wò, ó dìde, ojú rẹ̀ kún fún omi.

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́, kí ló wà níbi tí ìjókòó ẹ̀yìn yẹ kó wà yìí?”

“Kájú.”

Mílíọ̀nù mẹ́rin ló kọ́kọ́ dárúkọ. Ìyẹn á ra ilẹ̀ tó dára nílùú. Rùkáyátù fún un ní omi tútù mu, ó ní kó máa lọ kí ilẹ̀ má baà ṣú bá a lọ́nà. Ó tún wá pẹ̀lú mẹ́wàá. Ó tún wá pẹ̀lú ọgbọ̀n. Lọ́dún tó kọjá, ó dárúkọ ọgọ́rin mílíọ̀nù náírà lójú gbogbo ará ilé, afẹ́fẹ́ sì gbé e kiri ìlú.

Fulera wá láti Ìlọrin. Ó ti wo orí fóònù rẹ̀. Ó bi Olúṣẹ̀yẹ léèrè pé ṣé òótọ́ ni pé wọ́n ta irú ọkọ̀ yìí ní gbàǹjo lókè òkun, tó jẹ́ pé bí a bá yí owó rẹ̀ sí náírà, ó lé ní irínwó mílíọ̀nù.

Olúṣẹ̀yẹ kò jiyàn. “Òótọ́ ni, mà. Èyí tí wọ́n ti tún ṣe nìyẹn, èyí tí kò ní kaburétọ̀ Píjò. Àmọ́ mi ò ní tàn yín jẹ. Kò pọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn kan fọ́ níbi ìje, wọ́n yọ́ àwọn mìíràn. Wọn ò ṣe òmíràn mọ́. Èyí tó bá ṣẹ́ kù, ńṣe ni iye rẹ̀ ń pọ̀ sí i.”

Fulera yíjú sí ìyá rẹ̀. “Ìyá mi, ẹ jẹ́ ká tà á. Ẹ sinmi. Èmi á kọ́ ilé fún yín.”

“Mo ní ilé.”

“Ẹ ò tiẹ̀ ní gbọ́ iye tí wọ́n—”

“Mo gbọ́ ọ, Fulera. Àwọn ló ni iye. Èmi ni mo ni ọkọ̀.”

Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan tí Abdulrasaq fi pe ìpàdé ẹbí. Òun náà ti darúgbó, igi ló fi ń tilẹ̀. Ó sọ̀rọ̀ dáadáa, ó sì ṣojú àánú. Ó ní ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n òun ni, pé ohun tí ọkùnrin bá fi sílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló ni ín. Ó ní òrùlé òun ń jò, pé nǹkan bí mẹ́fà nínú àwọn ọmọ ilé ló jáde ilé ìwé tí wọn ò ríṣẹ́. “Ìyàwó wa ń fi irínwó mílíọ̀nù kó èso kájú. Ẹ gbà mí, ẹ̀yin ará, ṣé ọ̀rọ̀ rèé?”

Àwọn kan mi orí. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ wọ́n lára, nítorí kò sí ẹni tí òrùlé rẹ̀ kò jò nínú wọn.

Rùkáyátù dìde. Èdè Ìgbómìnà gidi ló fi ń sọ̀rọ̀ bí inú bá ń bí i, kíákíá, débi pé Olúṣẹ̀yẹ tí Abdulrasaq ní kó wá, tó jókòó lẹ́bàá ògiri, kò gbọ́ ìdajì rẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo wa gbọ́ ọ yékéyéké.

“Ọkọ mi kékeré,” ni ó pe Abdulrasaq, bí ìyàwó ṣe ń pe àbúrò ọkọ, “ẹ gba ọ̀kadà, mi ò sọ̀rọ̀. Ẹ gba ẹ̀rọ ìlọta tí owó mi wà nínú rẹ̀, mi ò sọ̀rọ̀. Èyí tí ẹ pè ní pánù, ẹ jù ú lù mí. Ẹ̀yin kọ́ ni ẹ ra táyà rẹ̀. Ẹ̀yin kọ́ ni ẹ tì í nígbà tó kú sí òkè Agbamu. Ẹ bú mi nítorí rẹ̀ ní gáréèjì, mo gbọ́. Ṣé nígbà tí kò níye lórí ló jẹ́ tèmi, nígbà tó wá níye lórí ló di ti ẹ̀jẹ̀? Ẹ kò lè pín ohun tí ẹ ti jù nù.”

Abdulrasaq na igi. “Obìnrin kì í jogún ọkọ̀ ìje!”

“Ẹ bi Baálé. Baálé wà níbẹ̀.”

Gbogbo ojú yí sí Alhaji Májẹ́kódùnmí. Ó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún, ó sì fẹ́ kí ilé tòrò. Ó ní òun á ronú sí i. Ó ní bóyá kí a tà á, kí a fi ìdajì fún Rùkáyátù. Ó ní kí a túká ná.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, típà kan wá da yanrìn kún ẹnu ọ̀nà ibi tí ọkọ̀ Alfa ń sùn. Yanrìn náà ga ju ènìyàn lọ. Abdulrasaq ló pe típà náà, kò sì fi pamọ́. Ó jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀ rẹ̀, ó ní ọkọ̀ kò ní jáde títí ìyàwó yóò fi gbà pé kí wọ́n tà á. Ìgbà kájú gan-an ni. Àwọn àgbẹ̀ ń retí rẹ̀ ní Agbamu, bí òjò bá sì pa kájú náà, ó ti bàjẹ́ nìyẹn.

Rùkáyátù kò pariwo. Ó wọlé, ó tún ìró rẹ̀ ró, ó gbé ṣọ́bìrì jáde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó yanrìn.

Obìnrin ẹni àádọ́rin ọdún àti òkìtì yanrìn. Oòrùn mú. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin ilé dúró lọ́ọ̀ọ́kán, wọn ò mọ ti ẹni tí wọn yóò ṣe. Fulera sunkún, ó ní kí ìyá òun fi í sílẹ̀, pé ọkọ̀ lásán ni. Ìyá rẹ̀ sinmi lé ṣọ́bìrì díẹ̀.

“Ọkọ̀ lásán ló rán ọ níwèé. Mú agbada wá kí o fi kó yanrìn, tàbí kí o lọ jókòó.”

Fulera bọ́ bàtà. Ó mú agbada wá. Nígbà tó yá, Wúlẹ̀mọ̀tù, ìyàwó Abdulrasaq fúnra rẹ̀, jáde láti inú yàrá pẹ̀lú ike ìfọṣọ. Ó gba iwájú ọkọ rẹ̀ kọjá, kò wò ó. Abdulrasaq pè é lẹ́ẹ̀kan, ó pè é lẹ́ẹ̀mejì.

“Mo gbọ́ yín,” ni ó dáhùn, ó sì bu yanrìn. “Èmi náà wà nílé yìí nígbà tí ẹ pín ogún. Lọ́jọ́ tí ẹ̀yin náà bá lọ, ta ló máa ní kí n kó pánù mi?”

Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn obìnrin ilé kò dúró de ẹnikẹ́ni mọ́. Wọ́n fi igbá, wọ́n fi bọ́kẹ́ẹ̀tì, wọ́n fi ọwọ́. Nígbà tí wọ́n ń pe ìrun Asárì, ọ̀nà ti ṣí tó ọkọ̀ kékeré. Rùkáyátù fọ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó kírun, ó jókòó sórí ìrọ̀rí rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì náà bú. Ó gba àárín òkìtì méjèèjì jáde, ó sì kọrí sí Agbamu.

Inú ọ̀ọ̀dẹ̀ rẹ̀ ni ariwo náà ti bá Baálé. Ó ní kí wọ́n gbé ìjókòó òun síta. Ó sọ ọ́ fún Abdulrasaq lójú gbogbo ènìyàn pé: “Ẹnu mi ni mo fi sọ pé tirẹ̀ ni. Bí mo bá yí i padà lónìí nítorí owó, kí lẹ fẹ́ fi gbà mí gbọ́ lọ́la? Tirẹ̀ ni. Kó yanrìn rẹ, kí o fi mọ ògiri.” Abdulrasaq dìde, ó wọlé, kò sì bá Rùkáyátù sọ̀rọ̀ títí di bí mo ṣe ń sọ yìí. Rùkáyátù náà kò bẹ̀ ẹ́. Ó ń kí i láàárọ̀ bó ti yẹ, bó bá sì dáhùn, bí kò bá dáhùn, ó ń lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀.

Olúṣẹ̀yẹ gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó ní àwọn oníbàárà òun yóò san igba mílíọ̀nù, kí ọkọ̀ náà wà lọ́dọ̀ Màmá títí ọjọ́ tí Ọlọ́run bá pè wọ́n, kó tó wá di tàwọn oníbàárà náà. Nǹkan kan ṣoṣo ni àwọn oníbàárà náà fẹ́: kí Màmá má wà á mọ́. Kí wọ́n fi aṣọ bò ó.

“Aṣọ?” ni Rùkáyátù wí. “Ọmọ mi, òkú la ń fi aṣọ bò.”

“Màmá, ẹ rò ó wò. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá wà á, owó ń jò lára rẹ̀.”

“Gbogbo ìgbà tí mo bá wà á, mo ń jẹun. Nígbà tí kò níye, wọ́n ní kí n má wà á, pé ìtìjú ni. Ó níye tán, wọ́n tún ní kí n má wà á, pé òfò ni. Ìgbà wo ni kí n wá wà á? Ẹ kú ọ̀nà o. Ẹ kí àwọn oníbàárà yín.”

Ní oṣù Ẹ̀rẹ̀nà ọdún yìí, ọlọ́kadà kan tó kó apẹ̀rẹ̀ tòmátì sẹ́yìn já jáde láti ọ̀nà oko nítòsí Agbamu, ó sì rọ́ lu ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ Alfa. Ilẹ̀kùn rẹ̀ tẹ̀ wọnú. Ọkùnrin tó gùn ún, Ebenezer lorúkọ rẹ̀, ti gbọ́ ìròyìn iye ọkọ̀ náà bí gbogbo ayé ṣe gbọ́ ọ. Kó tó gbọn eruku ara rẹ̀ nù, ó ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja sójú títì, ó ń ké pé òun kú, pé bí wọ́n bá ta òun àti ìdílé òun, kò lè tó ilẹ̀kùn yẹn. Àwọn èrò pé jọ. Ẹnì kan ya fọ́tò rẹ̀, kò sì pẹ́ tí fóònù Rùkáyátù bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Olúṣẹ̀yẹ ni. Ó ń pariwo láti Èkó pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án, kí panẹ́bítà kankan má fi òòlù sún mọ́ ọn, pé ilẹ̀kùn yẹn nìkan, mílíọ̀nù—

Rùkáyátù pa fóònù. Ó yí ilẹ̀kùn wò, ó ṣí i, ó tì í, ó rí i pé ó ṣì ń dé. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọlọ́kadà tó wà nílẹ̀.

“Ẹsẹ̀ rẹ ńkọ́? Ṣé ó lè tẹlẹ̀?”

“Ìyá, ẹ ṣàánú mi. Irínwó mílíọ̀nù—”

“Ìyẹn wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń kà á. Dìde. Tòmátì rẹ ń yí lọ sínú gọ́tà.”

Ó ká ìró rẹ̀ sókè, ó sọ̀kalẹ̀ sínú gọ́tà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa tòmátì.